Tọ́bò: Kí ni géèjì ń kà gan-an?

Lọ́dún 1918, Sanford Moss, onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, kó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú Liberty gun òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado. Òkè náà ga ju 4,300 mítà lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 350 wá nílẹ̀ kò rí ju bíi 230 mú wá lókè. Kò sí ohun tó ṣe é. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Ìgbà tí Moss so tọ́bò mọ́ ọn, agbára ẹṣin 356 ló gbé jáde.

Epo kò ṣòro láti tú sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó o niṣẹ́ wà. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó gba sáléńsà lọ lásán ni tọ́bò fi ń ṣiṣẹ́: èéfín á yí abẹ̀bẹ̀ kan, ìyẹn á yí ìkejì tí wọ́n jọ wà lórí irin kan náà, ìkejì á sì máa ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Alfred Büchi, ọmọ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí lọ́dún 1905.

Nọ́ńbà orí géèjì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Létí òkun, afẹ́fẹ́ ayé fúnra rẹ̀ ń tẹ ohun gbogbo ní ìwọ̀n 14.7 psi (ìyẹn pọ́n-ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóròó). Géèjì kì í ka ìyẹn, bí géèjì àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń fi òdo hàn fún táyà tó ti jò tán. Tí géèjì tọ́bò bá wá ka 7, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 21.7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àbọ̀. Ṣé agbára ọkọ̀ náà á lọ sókè tó bẹ́ẹ̀? Ó ṣọ̀wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná, èyí tó bá sì gbóná a máa fẹ̀, ìwọ̀nba tí yóò wọlé á dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé intercooler sójú ọ̀nà rẹ̀ láti tù ú. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi nọ́ńbà géèjì yangàn kò tíì sọ nǹkan kan: afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti gbé mì kọ́ ni géèjì ń kà, èyí tó há sẹ́nu ọ̀nà ni.

Kíkì í ní àkìjù náà léwu. Lọ́dún 1962, General Motors gbé Oldsmobile Jetfire jáde, tọ́bò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 psi lọ. Síbẹ̀, kí epo má baà gbiná fúnra rẹ̀ láìtọ́jọ́, kó sì máa lu písítìnì, wọ́n fi táǹkì kékeré kan sí i fún omi tí wọ́n pò mọ́ methanol. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í rántí bù ú sí i. (Mélòó nínú wa ló ń rántí omi rédíétọ̀?) Bí táǹkì bá gbẹ, tọ́bò á rẹ̀yìn, olówó ọkọ̀ á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é, ọ̀pọ̀ sì gbà kí wọ́n tú tọ́bò kúrò lára tiwọn.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá gbọ́ pé epo ti ń lu písítìnì, á tètè yí bí iná ṣe ń ṣẹ́ padà, ó sì lè ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ kọjá. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣàdédé wálẹ̀ nínú ọkọ̀ tiyín, ẹ kọ́kọ́ yẹ họ́ọ̀sì tó ti ara tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó náwó sí tọ́bò mìíràn. Kílíìpù kan tó dẹ̀ ti tó láti jo afẹ́fẹ́ náà dànù.