Ọmọ Tí Ó Ń Gba Ọ̀nà Mìíràn Kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún tàbí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lè má jẹ́ olódo. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ọpọlọ rẹ̀ ń gbà kẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó bá lọ sí òkè òkun láti fi ilé-ìwé wéra yóò rí i pé ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ pọ̀. Ní Ítálì, òfin ọdún 1977 fi ọmọ tí ó ní ìpèníjà sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ alátìlẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1975 pàṣẹ ètò ẹ̀kọ́ alákọsílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ràn òbí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe na ọmọ náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ kíyè sí fún olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Ìka kò dọ́gba.