Ẹsẹ̀ Iwájú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù tí wọ́n fi ń gun inú igbó, ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ wù ú láti tún ṣe. Á ra sàláńsà tuntun, á ra kábúrétọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí a jọ ń gùn ún níbí ti mọ èsì tí màá fún wọn bí wọ́n bá bi mí: ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kì iwájú. Táyà iwájú ló ń yan ọ̀nà. Bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, agbára yòówù kí ẹ́ńjìnnì ní, ibi tí ẹ kò fẹ́ ló máa gbé yín lọ.

Suzuki DR650SE ni mo ń gùn. Láti ọdún 1996 tí irú rẹ̀ ti jáde, nǹkan díẹ̀ báyìí ni wọ́n yí padà lára rẹ̀. Sílíńdà kan ló ní, 644 cc, ó sì wúwo tó kílò 166 bí epo bá kún inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ní Texas. Bí mo bá ti ní ìsinmi, Sam Houston National Forest ni mo máa ń forí lé, ní apá àríwá ìlú. Igbó igi páìnì ni. Ilẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ kún fún yanrìn, gbòǹgbò dábùú rẹ̀ káàkiri, tí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ á gba ibẹ̀ kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí àléébù ẹsẹ̀ iwájú yìí kedere. Bí mo bá tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, imú rẹ̀ á rì wálẹ̀. Bí mo bá fi eré kọlu gbòǹgbò, ìgbì rẹ̀ á gba ọwọ́ mi dé èjìká. Ó rọ̀ níbi tó yẹ kó ti le, ó le níbi tó yẹ kó ti rọ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòroó yé. Ọdún 1935 ni BMW gbé R12 jáde, alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún títà tó ní ṣọ́ọ̀kì iwájú oní-páìpù tí ọ́ìlì ń dá lẹ́kun, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Páìpù kan wọnú èkejì, sípírìǹgì àti ọ́ìlì sì wà nínú wọn. Sípírìǹgì ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì ló ń dá sípírìǹgì lẹ́kun kó má baà máa fò sókè sódò. Nínú èyí tí kò wọ́n, bíi ti DR650, ọ̀pá kan tí wọ́n lu ihò sí lára ló dúró sáàárín, ihò wọ̀nyẹn ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà kọjá nígbàkígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kó tètè yé mi. Bí mo bá rọra ti oògùn nínú síríǹjì, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa gba ẹnu abẹ́rẹ́ jáde. Bí mo bá fẹ́ kánjú tì í, ṣe ló máa le mọ́ mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Bí eré tó fi ń gba inú ihò kọjá bá di ìlọ́po méjì, ìdènà tó máa bá pàdé á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ń rọra wọlé ni, ọ́ìlì ń rọra kọjá, kò sí ohun tó dá a dúró, imú á rì. Tí táyà bá gbá gbòǹgbò, ṣọ́ọ̀kì fẹ́ wọlé lójijì, ọ́ìlì kò ráyè kọjá, ohun gbogbo á le gan-an, ọwọ́ mi ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì tó ki sí i kí imú má baà rì mọ́, ti gbòǹgbò ló máa burú sí i. Ihò tí kì í fẹ̀ tí kì í sì í dín kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ́ìlì, sípírìǹgì ni kó kọ́kọ́ wò. Tépù ìwọ̀n lásán ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi, tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, ló máa ń bá mi dì í mú. A máa gbé iwájú rẹ̀ sókè títí ṣọ́ọ̀kì á fi nà tán, a máa wọ̀n ọ́n láti àárín bóòtù gígùn tó gba inú táyà kọjá dé abẹ́ irin tó di ṣọ́ọ̀kì mú lókè. Lẹ́yìn náà, màá wọ gbogbo ohun ìgùn mi, bàtà, àṣíborí, àpò omi, màá jókòó sórí rẹ̀, a ó tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ibi tí ṣọ́ọ̀kì rì dé lábẹ́ mi. Mìlímítà 260 ni ṣọ́ọ̀kì iwájú DR650 lè rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló yẹ kó rì, tàbí kó dín díẹ̀. Tèmi rì tó 105. Ìyẹn ni pé kí n tó kúrò lójú kan, mo ti jẹ nínú àyè tó yẹ kó wà fún kòtò. Ẹni tó fúyẹ́ jù mí lọ ni wọ́n ṣe sípírìǹgì yẹn fún. Èmi, tí mo bá wọṣọ tán, kílò 98 ni mí.

Nílé, ní ilẹ̀ baba mi, mo ti rí àwọn mẹkáníìkì ọlọ́kadà tí wọ́n ń gé páìpù kékeré lé orí sípírìǹgì kí iwájú ọ̀kadà lè ga. Ó máa ń ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sípírìǹgì àná náà ló ṣì wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tó lè tẹ̀ ẹ́ wọlé ní mìlímítà kan kò sì yí padà. Bí ẹrù bá wúwo, sípírìǹgì tó le jù ú lọ ni kí a rà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i ló máa sọ bó ṣe le tó: 0.55 túmọ̀ sí pé gíráàmù 550 ló máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní mìlímítà kan. Òun ni mo rà, owó rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, ìrì náà sì wá sí 80. Bí owó yín bá mọ síbẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ó ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Fáàfù tó máa ṣe iṣẹ́ tí ihò kò lè ṣe ló kàn. Paul Thede, ti ilé-iṣẹ́ Race Tech ní California, ló gbé èyí tí mo lò jáde, Gold Valve Emulator ni wọ́n ń pè é. Orí ọ̀pá oníhò yẹn ló ń jókòó sí, sípírìǹgì ńlá á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ọ́ìlì bá rọra dé, ihò kékeré kan ló máa gbà, nítorí náà imú kò ní tètè rì. Tí ó bá dé lójijì, á ti ìdérí fáàfù sókè, á sì ráyè kọjá. Skúrù kékeré kan ló ń pinnu bí ìdérí náà á ṣe tètè ṣí tó.

Kí fáàfù yìí tó lè ṣiṣẹ́, ihò àtijọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ débi pé kò ní dá ọ́ìlì dúró mọ́: ihò mẹ́fà, tí ẹnu kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 8. Ọ̀pá tí a bá ti lù báyìí kò ní àtúnṣe mọ́, àfi kí a ra òmíràn. Mo fi fáìsì tí mo fi aṣọ wé lẹ́nu di tèmi mú, mo fi dírìlì lù ú díẹ̀díẹ̀, mo ń kán ọ́ìlì sí i. Etí ihò máa ń yọ irun irin wẹ́wẹ́ sínú páìpù, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Mo fi fáìlì róbótó ha etí ihò kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka kékeré fọwọ́ wò ó títí kò fi gún mi mọ́, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, mo tún fọ̀ ọ́. Ẹyọ irun irin kan tó bá há sẹ́nu fáàfù ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Tí ẹ bá ń tú ṣọ́ọ̀kì láti yọ ọ̀pá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ ìdérí òkè rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lára alùpùpù, torí bí ẹ bá ti yọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ohun tó máa dì í mú fún yín. Ẹ má gbójú sókè rẹ̀ bí ẹ ti ń yọ ọ́ tán. Sípírìǹgì ti fún pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó lè ta sókè, ẹ sì wọ awò ojú. Bóòtù ìsàlẹ̀ tó di ọ̀pá oníhò mú lè máa yí pẹ̀lú ọ̀pá láìtú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sípánà oníná, kò gba ìṣẹ́jú.

Ọ́ìlì tó jáde nínú tèmi ti di aláwọ̀ eérú, ó ń dán fún lẹ́búlẹ́bú irin. Mo rọ 15W tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo iye lítà tó wọlé, ibi tí ojú ọ́ìlì dé ló ṣe pàtàkì jù. A máa yọ sípírìǹgì, a máa ti ṣọ́ọ̀kì wọlé pátápátá, a máa fà á sókè sódò kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde tán, kí a tó wọ̀n láti ẹnu páìpù dé ojú ọ́ìlì. Mìlímítà 140 ni mo fi tèmi sí, ẹsẹ̀ méjèèjì sì bára mu. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè ọ́ìlì náà sípírìǹgì ni: bí àyè rẹ̀ bá ti kéré tó ni ṣọ́ọ̀kì á ṣe le tó bó bá fẹ́ rì dé ìsàlẹ̀.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sí mi kí n tó rìn jìnnà. Mo tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, imú rì díẹ̀, ó dúró. Nínú yanrìn, táyà iwájú ń gba ibi tí mo dojú rẹ̀ kọ. Gbòǹgbò ṣì ń dún lábẹ́ mi, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ kò gba ọwọ́ mi dé èjìká mọ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ọrùn ọwọ́ mi kì í ro mí débi pé n kò lè fa oògùn lẹ́nu iṣẹ́ òru.

Skúrù fáàfù mi wà ní ìyí méjì àbọ̀ báyìí. Tí mo bá ń lọ sí òkè Ouachita ní Arkansas, níbi tí òkúta ti pọ̀, màá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Iwájú ti le ju ẹ̀yìn lọ nísinsìnyí, ẹ̀yìn sì ń rì sílẹ̀ jù tí mo bá jókòó. Mo ti wọ̀n ọ́n, sípírìǹgì tiẹ̀ náà sì ń bọ̀ lọ́nà.