Sísin Abo Adìyẹ fún Títà ní Accra

Sísin abo adìyẹ fún títà jẹ́ òwò kékeré ní Accra, olú-ìlú Gánà, àti ní agbègbè rẹ̀. Olùsìn a máa ra òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan, yóò tọ́ ọ dàgbà, yóò sì tà á fún àwọn tí ń pa ẹyin tà nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ìyẹn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 sí 18.

Adìyẹ dídì láti òkè òkun ló gba ọjà ẹran ní Gánà. Ní ọdún 2003, ilé aṣòfin fi owó-orí rẹ̀ kún láti 20% sí 40%, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjọba fi dá òfin náà dúró. Ẹyin ni ọ̀pọ̀ olùsìn wá gbájú mọ́.

Òròmọdìyẹ nílò ooru nǹkan bí 32 sí 35°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àjẹsára lúkúlúkú àti Gumboro kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ní ọdún 2007, àrùn fúlúù ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Gánà ní ìtòsí Tema.

Oúnjẹ ló ń gbé owó jù. Adìyẹ kan lè jẹ nǹkan bí kílò 6 sí 7 kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 18. Èyí tó bá kú ní ọ̀sẹ̀ 15 ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Èrè orí àwọn yòókù ni yóò dí i. Bí oníbàárà bá pẹ́ dé, oúnjẹ ojoojúmọ́ a máa jẹ èrè náà run. Nítorí náà, ó dára kí olùsìn ti ní oníbàárà kí ó tó ra òròmọdìyẹ.