Láìnì Kan, Ẹ̀rọ Mẹ́ta

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tóònù.” Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà l’Ékòó kí GSM tó dé lọ́dún 2001 mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo wà ní Yábàá, láìnì kan ṣoṣo la ní, tẹlifóònù àti fáàsì ló sì jọ so mọ́ ọn. Bó bá dún, èmi ni mò ń gbé e. Bí mo bá gbọ́ ohùn èèyàn, màá pe ẹni tí wọ́n ń béèrè. Bó bá ní kí n fún òun ní tóònù, tàbí tó bá jẹ́ ìró tín-ín-rín kan ló ń ké, tó ń dákẹ́, tó tún ń ké, fáàsì nìyẹn. Màá tẹ bọ́tìnnì, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Nígbà tí mo dé Kent, ní England, mo bá àpótí kékeré kan pàdé tó ń ṣe iṣẹ́ tí mo fi etí ṣe ní Yábàá. Títò irú àpótí yẹn ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wáyà kan ti ara ògiri wọ inú rẹ̀. Ihò mẹ́ta tó kù jẹ́ ti tẹlifóònù, fáàsì àti módẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà fi ń gba orí láìnì sọ̀rọ̀.

Oko ápù pọ̀ ní Kent. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á kó ápù sí yàrá tútù fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí òtútù ibẹ̀ bá sì yí padà, èso á bàjẹ́. Oníbàárà mi kan ní ẹ̀rọ tó ń kọ ìwọ̀n òtútù yẹn sílẹ̀, ìlú mìíràn ni wọ́n sì ti ń fi kọ̀ǹpútà pè é láti kà á. Ta ni yóò máa san owó láìnì mẹ́ta nítorí ahéré kan láàárín oko?

Bí ìpè bá wọlé, àpótí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e. Ẹni tó pè ò ní mọ̀, nítorí àpótí á máa dún sí i létí bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì gbé e. Níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ́tí. Fáàsì tó ń pè máa ń ké ní 1,100 Hz fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, á tún ké. Bí àpótí bá gbọ́ ìyẹn, ó di ti fáàsì. Bó bá gbọ́ nọ́ńbà tó bá kóòdù tí a yàn fún módẹ̀mù mu, ó di ti módẹ̀mù. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó gbà pé èèyàn ni, á wá mú kí tẹlifóònù dún.

Kọ́mà ló máa ń dá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ láàmú jù. Kọ̀ǹpútà tó ń pè gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà láìnì, kó dúró kí àpótí gbé e, kó tó tẹ kóòdù. Kọ́mà kan nínú àṣẹ tí a kọ fún módẹ̀mù túmọ̀ sí kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kọ́mà bá kéré, kóòdù á ti dé kí àpótí tó gbé ìpè. Bó bá pọ̀ jù, àpótí á ti pinnu pé èèyàn ló ń pè. Aago ọwọ́ mi ni mo máa ń wò, tí màá sì máa kà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, wọ́n pè mí pé kọ̀ǹpútà ti ń pe yàrá ápù láti òru, ohùn obìnrin kan tó ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé ló sì ń dá a lóhùn. Mo wa mọ́tò gba inú yìnyín lọ. Kò sí ohun tó ṣe àpótí. Mo wá fi ọwọ́ tọ wáyà láti ara rẹ̀ lọ dé ògiri, mo sì rí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì lẹ́yìn àwọn àpò. Wáyà ibẹ̀ gòkè lọ sí ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí ohùn tuntun tí ẹnì kan fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, ó máa ń dúró títí kó tó gbé ìpè; bí ohùn tuntun bá ti wà níbẹ̀, ìdún kejì ló ń gbé e. Ìdún kẹta ni mo sì ní kí àpótí máa gbé ìpè. Àṣìṣe tèmi ni: ìdún kan ló yẹ.

Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ihò tẹlifóònù lára àpótí, mo yí ìdún sí 1, mo kọ kóòdù àti iye kọ́mà sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Lẹ́yìn náà la ti ìta pè é lọ́nà mẹ́ta: ohùn, fáàsì, kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá ti ìta dán an wò kò tíì parí iṣẹ́.

Láìnì onígbà-àtijọ́ yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Ní Britain, oṣù January 2027 ni wọ́n dá láti pa á pátápátá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpè tẹlifóònù ilé á sì máa gbà. Láìnì àtijọ́ ń gbé iná tirẹ̀ wá láti ẹ̀ṣẹ́ńjì iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Tuntun á dákẹ́ bí iná ilé bá lọ, àyàfi tí bátìrì bá wà. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n fi bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì kọ́rùn, ẹ fi ọwọ́ tọ wáyà àpótí tí bọ́tìnnì náà ń bá ṣiṣẹ́ dé ara ògiri. Bó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù ló wọ̀, ẹ pe àwọn tó fún wọn ní bọ́tìnnì náà lọ́sẹ̀ yìí.