Ẹ Sùn Díẹ̀ Kí Ẹ Tó Wa Ọkọ̀
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní Atlanta, ẹ gbọ́ o. Àjọ CDC, tó wà nílùú wa níbí, sọ pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 dà bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05. Tó bá di wákàtí 24, ó di 0.10, bẹ́ẹ̀, 0.08 ni òfin Georgia fi ń múni! Owó tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ń jẹ́ ká fara dà á lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kò lè rọ́pò oorun. Lórí 285, tí ọkọ̀ kàn ń lọ geere, oorun lè gbé yín lọ láìmọ̀. Rédíò ò lè dá a dúró. Ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gbéra, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n wá gbé yín.