Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ba Ṣílè Màmá Jẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe bíi tèmi o. Màmá mi àgbà fi ṣílè fàdákà ọdún 1913 kan jogún fún mi. Nígbà tó dúdú, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́. Ó dán yanran, àmọ́ ojú Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ha pátápátá. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Kọ́bọ̀ onihò ti 1956, tó jẹ́ bàbà, mo kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù onírọ́bà rírọ̀. Wọ́n hu àwọ̀ ewé! Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PVC ló fà á. Ẹ bèèrè èyí tí kò ní PVC. Etí owó ni kí ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ dì mú. Ẹ gbé álíbọ́ọ̀mù jìnnà sí ilé ìdáná àti ibi tó lọ́rinrin.

Ṣílè màmá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fọ̀ ọ́ mọ́.