Àrùn ọpọlọ àti iṣan tó ṣọ̀wọ́n: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò pọ̀, àpapọ̀ wọn kò kéré

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àrùn kan ṣọ̀wọ́n, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àrùn ọ̀hún kò lè kan ilé òun. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé irú àwọn àrùn bẹ́ẹ̀ ju 6,000 lọ, àti pé àwọn tó ń bá wọn fínra káàkiri àgbáyé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 300. Iye yìí ju gbogbo ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn náà ló máa ń kọlu ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti iṣan, èyí tí í ṣe àwọn ẹ̀yà ara tó ń darí ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, oúnjẹ gbígbé mì àti èémí.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àrùn tí kò bá mú ju ẹnì kan lọ nínú 2,000 ènìyàn ni wọ́n kà sí èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn tó ní in kò tó 200,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni. Nǹkan bíi 7 nínú 10 àwọn àrùn wọ̀nyí ló jẹ mọ́ àbùdá tí a bí mọ́ ènìyàn, èwe sì ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ìṣirò fi hàn?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, àrùn tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé mẹ́ta ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1916, lára àwọn ọmọ ogun méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Agbára tó yẹ kí ara fi bá kòkòrò àrùn jà á wá kọjú sí iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa ta á bí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kò ní lágbára mọ́, àìlágbára náà yóò sì máa gòkè lọ sí ìdí, ọwọ́ àti ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 20 sí 30 ni yóò nílò ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí.

Ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú 100,000 ni àrùn yìí ń mú lọ́dún kan. Nọ́ńbà náà kéré létí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wọn Nàìjíríà tí ènìyàn inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ, a ó rí i pé àwọn tí yóò ní in lọ́dọọdún á tó 2,000 sí 4,000. Àrùn kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún.

Òmíràn ni àrùn motor neurone, èyí tó ń pa àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ẹran ara. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: ọwọ́ a kọ́kọ́ kọ̀ láti di bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀, ahọ́n àti èémí yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní in kì í lò ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, Stephen Hawking, tí wọ́n sọ fún ní ọdún 1963 pé ó ní àrùn náà, wà láyé títí di ọdún 2018, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní ti àwọn ọmọdé, àrùn Duchenne, tó ń jẹ́ kí ẹran ara rọ, máa ń mú nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 5,000 tí a bí.

Èyí tó ṣọ̀wọ́n níbì kan lè wọ́pọ̀ níbòmíràn

Nàìjíríà kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa àìsàn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú, tó ń sọ ìrìn di títa gọ́ọ́gọ̀ọ́, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa ni wọ́n fura sí. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé àìsàn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí a kò bá wá àrùn lọ sí ibi tó wà, a kò lè mọ bó ti pọ̀ tó.

Ẹrù tó wà lórí aláìsàn àti ìdílé rẹ̀

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ẹni tí yóò mọ àrùn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ti ọdún 2025 pé bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó lè fi ìlọ́po 82 pọ̀ ju ti àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù lọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó wà láàárín ìlú ni a ti lè rí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, aláìsàn lè ti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, kí ó tún dé ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ohun tó ń ṣe é.

Ìṣòro kejì ni owó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn Zolgensma fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó ní àrùn kan tó ń pa iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà á, iye tí wọ́n dá lé e nígbà náà sì ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń wo ara wọn sàn.

Ẹrù kẹta kì í hàn nínú ìwé owó ilé ìwòsàn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé aláìsàn dìde, kí ó máa wẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa fún un lóúnjẹ. Ìyá lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ọmọbìnrin lè fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni oògùn rẹ̀ wọ́n. Àrùn Myasthenia Gravis máa ń jẹ́ kí ìpéǹpéjú wọlẹ̀, kí ojú máa rí ohun kan ní méjì, kí oúnjẹ sì ṣòro láti gbé mì. Ó máa ń le sí i bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a sì rọlẹ̀ bí aláìsàn bá sinmi. Ní ọdún 1934, dókítà obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Mary Walker, fi hàn pé oògùn lè dá okun padà fún ẹni tó ní in. Lónìí, pyridostigmine, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún un, wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémánìí. Ẹni tó bá kú nítorí pé a kò tètè mọ̀ pé òun ló ń ṣe é, àìmọ̀ ló pa á.

Ẹ̀kọ́ láti ara rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀

Àwọn kan lè sọ pé orílẹ̀-èdè tó tóbi bíi tiwa kò lè wá àrùn tó ń mú ẹnì kan nínú 100,000 rí. Àmọ́ a ti ṣe é rí. Nígbà tí à ń gbógun ti àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀, ìlànà ni pé kí wọ́n fi tó ìjọba létí bí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, kí wọ́n sì gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n retí pé, ó kéré tán, ibi tí ọmọ 100,000 bá wà gbọ́dọ̀ rí ọmọ kan lọ́dún tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, tí kì í ṣe rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀. Guillain-Barré wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń rí. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò àdámọ́ àrùn náà ti kúrò ní Áfíríkà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìpàdé àpérò ìlera àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu pé kí àwọn ìjọba ka àwọn àrùn tó ṣọ̀wọ́n sí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá kà, a kì í wá owó sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ń rọ, tí àìlágbára náà sì ń gòkè, tàbí tí èémí tàbí oúnjẹ gbígbé mì bá ń nira fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ìpéǹpéjú bá ń wọlẹ̀ lálaalẹ́, tàbí tí ọmọdé tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ bá ń ṣubú ṣáá, ẹ béèrè dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo èsì àyẹ̀wò. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.